Gìtá Délé Tí Kofi Wá Gbé

Ọjọ́bọ̀, Santasi

Kofi, tí òun àti Délé ọkọ mi jọ máa ń lu orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá lónìí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ fún àwọn ní gìtá Délé, èyí tí wọ́n ń gbé lé itan lù. Mo ní kó máa gbé e lọ. Kò dùn mí. Láti ìgbà tí a ti sin Délé, kò sí ohun tó ń dùn mí mọ́.

Gìtá ọ̀hún kò tiẹ̀ jọjú. Pátákó lásán ni, ó ti gbó jù mí lọ, owó pọ́ọ́kú ni Délé fi rà á. Tí iná mànàmáná bá ti wọ inú rẹ̀, á máa kùn bí oyin.

Kofi ní, "Sista, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ṣì wà."

Ó jókòó, ó fi irin wọ́ ojú okùn. Ohùn náà gùn, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sunkún tó tún gbé e mì. Mo ń ká aṣọ lọ ní tèmi.

Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe kígbe láti yàrá: "Délé! Dín in kù, orí ń fọ́ mi!"

Ọwọ́ Kofi dúró. Ìyá náà ti rántí.

Mo ní kí Kofi dín in kù, kó máa lù ú lọ.

Ìyá jáde, ó jókòó tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó náà níbi tó ti ń gbọ̀n. Kò gbé e kúrò títí orin fi parí.

Ọwọ́ òfo ni Kofi fi lọ.