Ẹyin Ẹlẹ́sẹ̀-Osùn Mẹ́ta

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 1979.

Akínwálé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ọyẹ́ yìí o. Mo kí Ìyá wa, mo kí ìyàwó wa Rẹ̀mílẹ́kún, mo sì kí Ẹ̀bùnọlá kékeré tí mo gbọ́ pé ó ti ń sáré kiri gbogbo agbo ilé. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ kò yọ Ìyá lẹ́nu bí ọyẹ́ ṣe mú tó yìí? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Àtinúkẹ́ aya mi wà dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí yóò yà ọ́ lẹ́nu. Ó ti lé lọ́dún kan tí o ti gbúròó mi gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ Ìgèdè kò jìnnà sí Adó. Bí mo bá wọ mọ́tò láàárọ̀, mo lè padà wálé wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ojú ló ń tì mí, Wálé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, bí mo bá jókòó níwájú rẹ, n ó sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ bí ìṣe mi, ìwọ á rẹ́rìn-ín, n ó sì tún gbé e padà wá sílé. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò.

Àwọn adìẹ Ẹlẹ́sẹ̀-Osùn wa ti tán. Kò ku ẹyọ kan ní àgbàlá mi. Nínú oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, ọkọ̀ kan kó adìẹ funfun wá láti Ìbàdàn, àwọn adìẹ òyìnbó tó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ìwọ náà ṣáà ń gbọ́ bí ìjọba ṣe ń pariwo lórí rédíò pé kí olúkúlùkù dáko, kí ó sin adìẹ. Mo ra abo mẹ́rin. Èrò mi ni pé kí àkùkọ mi gùn wọ́n, kí ọmọ wọn ní ara ti òyìnbó, kí ó sì ní ọkàn tiwa. Àtinúkẹ́ kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Bàbá Olúmidé, ẹ má da àlejò pọ̀ mọ́ onílé nígbà tí ẹ kò tíì mọ ibi tó sùn mọ́jú.” Mo ní kí ni ẹni tó ń ta aṣọ mọ̀ nípa adìẹ. Èmi tíṣà! Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan nínú àwọn funfun náà fi wọ́ ọrùn sílẹ̀. Lùkúlùkú ni, àrùn tí í pa adìẹ run. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló fi kó adìẹ mẹ́tàlélógún lọ. Kò-mọ̀-sá, àkùkọ mi, ló kú gbẹ̀yìn nínú àwọn tó wà ní àgbàlá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó dìde, ó na ọrùn láti kọ, ohùn kò jáde. Mo sin ín sí ìdí ọsàn.

Ìwọ mọ ìtàn adìẹ wọ̀nyí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, kí àwọn tí yóò gbọ́ lẹ́tà yìí lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe tó. Nígbà tí bàbá mi ń ta obì fún àwọn Gàm̀bàrí, ọ̀kan nínú wọn fi àkùkọ kan ta á lọ́rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì lè jà, ṣùgbọ́n kò gbọ́n. Á bá òjìji ara rẹ̀ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá tìrẹ ló ní abo. Ní Ìgèdè, nínú agbo ilé yín, ni abo náà ti wá: ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa bí ẹni fi osùn kùn ún, òun ló sì fò mọ́ àwòdì tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, tó fi ìyẹ́ àwòdì náà sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa méjèèjì pa akọ ọ̀hún àti abo yìí pọ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣà nínú ọmọ ni ẹsẹ̀ ìyá àti ọkàn ìyá, gíga nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá.

Òfin wọn kò pọ̀. Ènìyàn lè ta akọ, ó lè fi tọrẹ, ó lè pa á fi ṣe ọdún. Abo kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé méjèèjì. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ilé yín yóò gba àkùkọ tiwa, a ó sì gba tiyín, kí ìbátan má baà máa gun ìbátan. Bí adìẹ ilé kan bá sì run, ìkejì gbọ́dọ̀ fún un lẹ́yin, kò gbọdọ̀ béèrè kọ́bọ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn bàbá mi pẹ̀lú ahọ́n Adó rẹ̀ tí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú: “Adìẹ yìí, ulé méjì ló ni í. Bí uná ulé kan bá kú, a á lọ bu uná ní ìkejì.”

Ṣé o rántí ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1974? Lẹ́yìn pápá ilé ẹ̀kọ́ ni. Olùkọ́ ìjọ wa tó wàásù pé ìjà àkùkọ kò yẹ onígbàgbọ́, iwájú pátápátá ló jókòó sí. Àkùkọ rẹ na àkùkọ mi débi pé tèmi sá wọ abẹ́ àga olùkọ́ náà. Gbogbo Òkè-Ìlá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Tíṣà, wọ́n ti kọ́ ọ níwèé lónìí o!” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ gbé àkùkọ rẹ sókè kí gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, Wálé. Odindi oṣù mẹ́fà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fi ń dún bí àkùkọ tó ń sá bí mo bá ti ń kọjá.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń lọ sópin, ìjàlọ wọ ilé adìẹ yín. Ilẹ̀ mọ́, ìyẹ́ àti egungun ló kù. O gbé agbọ̀n wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ pọ́n. Ẹnu mi ní, “Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi.” Inú mi ní, “Ó tọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀.” O tọrọ ẹyin gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn bàbá wa. Mo ní kí o jókòó ní pálọ̀ kí o jẹ iṣu. Mo lọ sí ilé ìdáná. Omi tí Àtinúkẹ́ fẹ́ fi ro ọkà wà lórí iná, òun fúnra rẹ̀ ti jáde lọ já ewébẹ̀. Mo kó ẹyin mẹ́rìnlá sínú ajere, mo tẹ ajere náà bọ inú omi gbígbóná yẹn, mo sì ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ogún, bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní. Mo yọ wọ́n, mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkankan kò sán. Mo tò wọ́n sínú agbọ̀n rẹ, mo sì gbé e lé ọ lọ́wọ́.

O dọ̀bálẹ̀ fún mi, Wálé. Ẹgbẹ́ mi, o dọ̀bálẹ̀! O ní, “Tíṣà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìran rẹ run.” Mo ní àmín.

Èyí tó kù, ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi. Rẹ̀mílẹ́kún ló fi ẹyin náà sábẹ́ àgbébọ̀ dúdú kan tí ẹ yá ládùúgbò, nítorí a gbà nílẹ̀ yìí pé ọwọ́ ẹni tó bá to ẹyin ni ọmọ ń bá jáde. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí nǹkan. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, Ìyá fọ́ ọ̀kan, òórùn lé gbogbo ilé jáde. Ọdún kẹfà tí ẹ gbé ara yín nìyẹn, ọmọ kò tíì dé. Ìyá sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé òun náà kábàámọ̀ rẹ̀: “Ẹyin adìẹ pàápàá kò yè lọ́wọ́ rẹ.” Ilẹ̀ kò ṣú tí Rẹ̀mílẹ́kún fi di ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìyìn. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀.

O wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, o sì sunkún. Èmi tí mò ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbá ọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mo ní ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ní kí wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún ọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ǹ bá sọ, ìyàwó rẹ ì bá sì padà wálé lọ́jọ́ kejì. N kò sọ ọ́.

Ọlọ́run ṣàánú, Rẹ̀mílẹ́kún padà, Ẹ̀bùnọlá sì dé. Mo wá síbi ìsọmọlórúkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, adìẹ kan fẹ́ sàba lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin sì ń wá ẹni tí yóò to ẹyin rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ló sún mọ́ ọn jù. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìborùn, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá ọmọ ni o, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó kó ọwọ́ pamọ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wá sí Ìgèdè mọ́. Kì í ṣe orúnkún, irọ́ ni mo pa fún ọ.

Nígbà tí Kò-mọ̀-sá kú, mo mú agbọ̀n, mo wọ bàtà, mo fẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ wá bu iná. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí pé èmi ni mo fi omi pa á. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Abo kan ṣẹ́kù nígbà náà tí mo ti gbé sá lọ sí ahéré wa lóko kí àrùn tó ràn án. Kò-mọ̀-sá ti gùn ún. Ó yé ẹyin mẹ́ta: ọ̀kan ní Ọjọ́rú, ọ̀kan ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan ní ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó wọ́ ọrùn sílẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò sí adìẹ kankan lọ́wọ́ mi tó lè sàba lé wọn. Àwọn ni Adéfúnkẹ́, olùkọ́ tó ń lọ kọ́ni ní Ìgèdè, gbé wá fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Agbọ̀n tuntun ni, òwú tuntun ni mo tẹ́ sí i, kí ohunkóhun láti ilé mi má baà kó àrùn bá tiyín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Pe Ìyá, pe gbogbo agbo ilé, kí o sì ka lẹ́tà yìí sókè, má fo ìlà kankan. Lẹ́yìn náà, Rẹ̀mílẹ́kún ni kí ó to ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú gbogbo wọn. Bí wọn kò bá pa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi báyìí kí ẹnikẹ́ni tó lanu: ẹyin náà ti pẹ́ nílẹ̀, mọ́tò ti gbọ̀n wọ́n, ìyá wọn sì kú. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Kò fìgbà kankan jẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pa, tirẹ̀ ni wọ́n. N kò ní wá tọrọ. Bí abo bá wà nínú wọn, tó dàgbà, tó yé, Rẹ̀mílẹ́kún ni kí ó yan ilé kejì. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ tèmi.

N kò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bínú sí mi bí ó ti tọ́. Mo kàn ń gbàdúrà pé kí Olúwa má gba ayọ̀ kúrò nílé rẹ, kí Ìyá pẹ́ fún wa, kí Ẹ̀bùnọlá dàgbà dàgbà, kí ọwọ́ ìyá rẹ̀ máa mú ohun rere yè. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó sì ṣẹ̀ ọ́,
Adébíyìí.

Àfikún ọ̀rọ̀: Àná ni mo jẹ́wọ́ fún Àtinúkẹ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń to ẹyin sínú òwú, ó gbé omi tíì kaná. Mo pariwo pé kí ó sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé omi kaná nínú ilé yìí títí ẹyin yóò fi jáde. Ó wò mí títí, ó gbé ìkòkò náà, ó sì da omi rẹ̀ sí ìdí ọsàn. Adéfúnkẹ́ ti ń kan ilẹ̀kùn báyìí, a kò sì tíì dáná.