Ilé-iṣẹ́ Tó Ní Owó Òun Ti Pọ̀ Jù

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Hafeezah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara àwọn ọmọ le, ṣé ooru Èkó ò pa yín? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Gàrí ń tà, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, mo sì ti bá a wí. Ìjì oṣù tó kọjá ká páànù orí yàrá bàbá rẹ lọ, ṣùgbọ́n má tíì sunkún, ka ìwé yìí tán ná.

Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí wọ́n ní àwọn kan ń jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ ohun téèyàn ń sọ. O mọ̀ pé ìgbà tí mo lóyún rẹ ni bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi àlìjánnà kẹ́ ẹ, fi owó obì tó ń tà ra ìpín fún mi ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi èrè ránṣẹ́, tí fóònù mi á sì dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ni wọ́n kọ. Wọ́n ní owó ọwọ́ àwọn ti ju èyí tí àwọn nílò lọ, pé àwọn á pín lára rẹ̀ fún wa, àwọn á sì fi ìyókù ra ìpín padà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà.

Hafeezah, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní owó òun ti pọ̀ jù. Haneef, àbúrò bàbá rẹ, ní irọ́ ni, pé wọ́n ti fẹ́ kógbá sílé ni, kí n yáa ta gbogbo rẹ̀, kí n kan òrùlé, kí n sì fi ìyókù ra ọ̀kadà fún òun. Mo di gàrí kóńgò mẹ́rin, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn ra ìpín, kí n lè bá wọn kẹ́dùn. Mo tiẹ̀ mú owó tí wọ́n fún mi lọ́dún tó kọjá dání, pé bí nǹkan bá le fún wọn, kí wọ́n gbà á padà.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ Odogbolu, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Mọ́mì, kò sóhun tó ṣe wọ́n o. Ó ní wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n rà, wọ́n ti san owó òṣìṣẹ́ àti owó orí, owó ṣì ṣẹ́kù, wọn ò sì fẹ́ ná an ní ìnákúnàá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá a padà fún àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Mo ní ta ló ni ín. Ó ní ẹ wà lára wọn. Èmi Ràmọ́tà tó ń yan gàrí! Mo bi í pé èwo ni tèmi nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni mo ní nínú gbogbo wọn. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa fi òróró sí díẹ̀ tèmi dáadáa.

Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìpín tí wọ́n ń rà padà ṣe. Ó ní wọ́n á fagi lé e, kò ní sí mọ́, ohun tó máa kan àwa tó bá kù nínú èrè á sì fẹ̀ sí i láìjẹ́ pé a fi kọ́bọ̀ kan lé e. Irú èèyàn wo nìyí! Haneef ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi láti ọdún mọ́kànlá, kò dá abọ́ padà rí.

Mo jókòó síbẹ̀, mo ronú. Mo ta ìdajì ìpín mi fún wọn, mo fi ìdajì sílẹ̀. Owó ti wọlé, páànù tuntun sì ti wà lórí yàrá náà. Nígbà tí káfíńtà lọ tán, mo lọ síbi ibojì bàbá rẹ, mo lọ tọrọ àforíjì. Ìwọ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tó ra ìpín yẹn, ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà ni mo ń retí, ìwé ló gbé wá, mi ò sì se ìkọ́kọ́rẹ́ fún un fún odidi oṣù kan. Ó ní ìwé yìí á ṣọkọ fún mi lọ́jọ́ tí òun ò bá sí. Mo ní kó kúrò lójú mi. Mo sunkún níbi ibojì náà, mo tún rẹ́rìn-ín.

Jọ̀ọ́, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi, torí lẹ́tà inú ìwé wọn kéré bí ẹyin èèrà, kò sì yẹ kí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ máa bẹ aládùúgbò kó bá òun ka ìwé. Ilé-iṣẹ́ tí mi ò bí wo ohun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ó rántí mi. Ìwọ tí mo bí, wo tìrẹ náà wò.

Kí Ọlọ́run fi owó tó ju ìnáwó lọ sí ọ lọ́wọ́, kó sì fún ọ ní ọkàn tí yóò máa rántí àwọn tó ni ọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràmọ́tà, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì.