Olúmúyìwá Títíloyè (1991–2014) àti Igi Ìdérí Pósí Bàbá Rẹ̀

A bí Olúmúyìwá Títíloyè ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ọdún 1991 ní ìlú Benin, sínú ìdílé Títíloyè, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Bàbá rẹ̀ ni Alàgbà Adéṣínà Títíloyè, káfíńtà tí ó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Airport Road. Ìyá rẹ̀ ni Ìyáàfin Morọ́láyọ̀ Títíloyè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Kíkẹ́lọmọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí. Iṣẹ́ burúkú gbáà ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún kò tíì ní ìtàn ìgbésí ayé. Ìbẹ̀rẹ̀ ló ní.

Ọdún mọ́kànlá ni àwọn òbí wa fi wá ọmọ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, wọ́n ṣa pákó ọ̀gànwó kan wá, pákó tó nípọn, tí ìlà inú rẹ̀ ń rú bí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n gbé e sókè àjà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹni tí yóò sin àwọn ti dé, ó yẹ kí àwọn wá igi ìdérí pósí àwọn sílẹ̀. Ìyá wa bínú, wọ́n ní ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ikú kí ọmọ tuntun káàbọ̀? Bàbá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbà tó rí ọmọ sin òun kò kú rárá.

Olóògbé kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Benin, ó sì gboyè olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ekiadolor ní ọdún 2012. Yorùbá là ń bá a sọ nílé, Pijin ló fi ń dá wa lóhùn. "I dey come, Mama" ni tirẹ̀ nígbà gbogbo, kódà bí Ìyá wa bá pè é wá jẹun.

Láti ọdún 2006 ló ti ń ta gìtá béèsì ní ìjọ wa ní Ugbowo. Gìtá ìjọ ti gbó, okùn kan nínú rẹ̀ kì í dún dáadáa, síbẹ̀ bí ó bá fọwọ́ bà á, àga á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹni. Àga ìjọ tó bá ṣẹ́, òun náà ni í tún un kàn, kì í gba kọ́bọ̀.

Níbi tó yẹ kí a kọ ìgbéyàwó sí, a ò rí nǹkan kọ. Fọláṣadé tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ bá wa dì í mú lónìí.

Ní ọdún 2013, ó ní òun fẹ́ ṣe gìtá tòun. Ó wo gbogbo igi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tó wù ú àfi igi òkè àjà. Bàbá wa kọ̀, wọ́n ní a kì í fi pósí ṣeré. Alágídí ni Múyìwá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò sinmi ẹ̀bẹ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n bá a ṣe àdéhùn: ọjọ́ tí a bá ń gbé àwọn lọ sí sàréè, gìtá náà ni kí ó fi sin àwọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Papa, no worry. Na me go play am."

Bàbá àti ọmọ jọ fi ayùn gé e. Ọrùn àkọ́kọ́, tó fi igi mìíràn ṣe, lọ́, nítorí igi náà kò gbẹ tán. Bàbá wa ti kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ó jù ú nù, ó mú òmíràn. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn gìtá náà wọnú díẹ̀ kí ó lè bá ikùn rẹ̀ mu, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, Bàbá wa sì fi ọwọ́ ara wọn kùn ún ní pólíìṣì. Ìlà inú igi náà wá yọ, ẹni tó ń kọjá lọ á yà wá wò ó. A ò rí kí inú àwọn méjèèjì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá ku okùn àti mágnẹ́ẹ̀tì tí í gbé ohùn gìtá sínú ẹ̀rọ. Ó lọ rà wọ́n ní Èkó. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹta ọdún 2014, táyà ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ fọ́ lójú ọ̀nà Benin. Ìyá wa ti pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní, "I dey come, Mama." Báàgì rẹ̀ dé. Òun kò dé. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú bébà wọn, nǹkan kan kò ṣe wọ́n.

A mọ ohun tí wọ́n ń kọ síbí: pé a dúpẹ́, pé Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ forí jì wá, a ò rí ọpẹ́ kankan dá. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó ni wọ́n fi ń tù wá nínú. Kò tù wá. Ta ni yóò sin Bàbá wa báyìí? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Kò lè ta gìtá.

Àṣà wa kò gbà kí òbí rí sàréè ọmọ, nítorí náà ilé ni Bàbá àti Ìyá wa wà bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí. Àwọn àgbà ẹbí kò jẹ́ kí Bàbá wa kan pósí rẹ̀. Káfíńtà mìíràn ló kàn án. Lánàá, Bàbá wa jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ gìtá náà. Àwọn akọrin bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn fi kọ orin kan péré lónìí. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó ni ín ti lọ. Wọ́n ní kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú pósí: "Èmi ò lè bá a débẹ̀. Kí igi mi bá a débẹ̀."

Bí ẹ bá rí i pé pósí náà fẹ̀ jù fún ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má béèrè ìdí mọ́.

Olóògbé kò fi ọmọ sílẹ̀, kò fi ọmọ-ọmọ sílẹ̀. Ó fi bàbá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sílẹ̀, ó fi ìyá sílẹ̀, ó fi Kíkẹ́lọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, àti Mofẹ́olúwa àti Ẹniọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ṣì ń béèrè ìgbà tí Ọ́ńkù máa dé.

Múyìwá, ilẹ̀ tí a bí ọ sí ló tún gbà ọ́. Kí ó fúyẹ́ lára rẹ. Bàbá kò lè wá, ṣùgbọ́n ìdérí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Sùn re o, ọmọ ìyá wa.