Àgbàdo Dúdú Tó Kù Nílé

Màámi,

Ẹ kú àtọjọ́. Ara mi le. Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá irúgbìn wa tutù ló kàn dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì ní kí n lọ sinmi nílé díẹ̀. Ìsinmi náà dùn mọ́ mi.

A gbin ogójì nínú àgbàdo dúdú yín tó wà nínú yàrá náà wò, kò sí ọ̀kan tó hù. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ṣé ó ṣì kù níbòmíràn?"

Mo ní, "Ó kù lọ́dọ̀ ìyá mi."

Ẹ sì ti ní ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́, kí irúgbìn tuntun lè ráyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá ti lọ̀ ọ́, ẹ gbọn ìdí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kó o sí wò; ẹyọ mẹ́wàá á tó wa.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mo ń sùn dáadáa.