Inú Àgọ́ Ni Mo Wà Nígbà tí Ẹ Lọ

Bàbá mi tí mo ń wá kiri ilé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kí olóògbé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ òkun ti gbé mi padà sí Port Harcourt, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo padà sí yàrá. Mo jáde sí títì, mo rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin níbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ gáàdì rélùwéè, mo tún yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lánàá ni Ìyá bi mí bóyá ìjàlọ ló ń bù mí jẹ.

Ní wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ òkun, lọ́jọ́ tí à ń lọ, ẹ ní kí n la ojú mi dáadáa, kí n lè ròyìn fún yín bí mo bá dé. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Pápá ńlá kan ni wọ́n kó àwa ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù sí ní ìlú òyìnbó, ní abúlé kan tí màlúù pọ̀ ju ènìyàn lọ. Oríṣiríṣi ilẹ̀ la ti wá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á fọn fèrè. A ó sáré jáde nínú àgọ́, koríko á tutù bíi pé wọ́n da omi yìnyín sí i. A ó fa àsíá sókè, a ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì wa, ọ̀gá á wá wò ó bóyá ó gún régé. Lẹ́yìn náà la ó pín iṣẹ́: àwọn kan á pọnmi, àwọn kan á la igi, àwọn kan á bẹ pòtétò. Bàbá, mo bẹ pòtétò títí àtàǹpàkò mi fi bó! Oúnjẹ wọn kò sì ní ata rárá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun lórí ìdúró, tí ẹ máa ń sọ pé ọbẹ̀ tí kò bá mú yín fun imú kì í ṣe ọbẹ̀, kí lẹ ò bá sọ?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni oòrùn wọn. A ó jẹun alẹ́ tán, a ó kọrin, a ó sọ̀rọ̀ títí, oòrùn á ṣì wà lókè bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Pòtétò náà ni mo ń bẹ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Amadi, ọ̀gá Síkáòtù wa tó kó wa lọ láti Port Harcourt, wá dúró níwájú mi. Wọ́n bọ́ fìlà wọn. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọn kì í bọ́ fìlà yẹn fún gómìnà pàápàá. Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"My pikin," wọ́n ní, "your papa don go."

Mo bi wọ́n pé ibo lẹ lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ni, pé ẹ bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Enugu. Wọ́n wá sọ fún mi pé wáyà tẹligíráàmù dé láti ilé: àyà ló dùn yín láàárọ̀, ẹ ò sì rí ọ̀sán.

Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé mi padà kí àgọ́ tó tú. Bàbá, báwo ni ènìyàn ṣe ń fa àsíá sókè nígbà tí wọ́n ń sin bàbá rẹ̀? Ọ̀gá àgọ́, òyìnbó arúgbó kan, ní kí n lọ sinmi. Mi ò lè sinmi. Mo gba àáké, mo la igi tiwa, mo la ti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa, títí igi fi tán nílẹ̀. Nígbà tí igi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ọgbà màlúù po. Ọmọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Colin, tí a jọ ń bẹ pòtétò, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá yára, á yára. Bí mo bá dúró, á dúró. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bú jáde lẹ́nu mi. Ọ̀gbẹ́ni Amadi sáré dé, wọ́n gbá mi mọ́ra.

"Cry, my pikin. Cry am finish. Nobody go laugh you here."

Ṣé ó dùn yín púpọ̀? Ṣé ẹ pè mí? Tí mo bá bi Ìyá, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ni wọ́n máa ń lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ wa dé wọ́ọ̀fù, mo mọ̀ pé ẹ ò sí, síbẹ̀ ojú mi ń wá yín láàárín èrò. Ìyá àti àbúrò mi Dúpẹ́ ló dúró, nínú aṣọ dúdú. Wọ́n mú mi lọ sí itẹ́ òkú. Àwọn ará ìjọ ti gbin òdòdó síbẹ̀, àgùntàn kan sì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Mo lé e títí dé títì. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín, Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sí wa.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an rèé. Olórí àwọn tó ń dáná nínú ọkọ̀ òkun tó gbé wa bọ̀, ọmọ Bonny ni, ó ní bí mo bá fẹ́, òun á mú mi wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ náà ti tún dé. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rélùwéè lẹ fẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí nílùú yìí, ẹ̀yin ni. Ṣé sísá ni mò ń sá fún yín, àbí wíwá ni mò ń wá yín? Ta ni yóò sì dúró ti Ìyá?

Lọ́sàn-án òní mo sọ fún Ìyá. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ń rán aṣọ ilé-ìwé oníbàárà kan. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n rán ibi tí wọ́n dé tán, wọ́n já òwú. Mo ń retí ẹkún. Wọ́n bi mí bóyá ọkọ̀ náà á tún lọ sí ibi òtútù yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dìde, wọ́n yọ téèpù ọrùn wọn, wọ́n yí mi kọ̀yìn sí wọn.

"Dúró dáadáa. Èjìká bàbá rẹ ló ń yọ lára rẹ yìí. Mi ò fẹ́ kí kóòtù òtútù tí mo máa rán fún ọ há ọ."

Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá, kó lè dá wọn lójú.

Ẹ sùn-un-re.
Èmi ni, ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kún àyà rẹ̀.