Ohùn Tó Pe Ìyàndá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀ṣúnwùmí Ògúndèyí, Ẹdẹ

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá bá wa sin ìyá wa, ẹ kú àbáṣe. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí sílẹ̀. Ẹdẹ níbí ni wọ́n bí wọn sí, nílé Ifábùnmi àgbẹ̀, nígbà tí ogun ṣì ń dí ọ̀nà oko. Olórin Ọ̀ṣun ni ìyá tó bí wọn, òun ló sì kọ́ wọn lórin láti kékeré. Wọn ò wọ ilé-ẹ̀kọ́ rí.

Wọ́n fẹ́ Ògúndèyí, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Sekona. Epo pupa ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá ra epo lọ́wọ́ wọn kì í tún yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, méjì ló ṣẹ́kù: Àpèkẹ́, àti Ọládipúpọ̀ tí wọ́n bí ní 1903, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Ìyàndá.

Ní 1915, Ọládipúpọ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, ó sì gba ìrìbọmi. Ìyá kò bínú. Wọ́n ní kí ó ṣáà máa fọ aṣọ rẹ̀ mọ́.

Ní 1919, Tíṣà Adébísí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akọrin ní dò-rè-mí. Tíṣà á pa ẹnu dé, á kun ohùn méjì jáde láti imú. Ọmọ gbọ́dọ̀ sọ bóyá láti dò lọ sí sò ni, tàbí láti dò lọ sí là, kí ó sì kọ ọ́ padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kó tó di ìkórè, á kúrò lẹ́gbẹ́ akọrin, kò sì ní di olùkọ́ láéláé. Họ́wù, Ọládipúpọ̀ ò gbọ́ nǹkan kan! Sò ni o, là ni o, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sunkún wálé.

Ìyá ní kí ó sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó bá kọ dò-rè-mí fún wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí ó lè gùn ún níkọ̀ọ̀kan; fífò ni kò lè fò. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé èyí náà lo ń sunkún sí?" Wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ògiri kí ó má baà wo ẹnu wọn. Wọ́n ní bí orin odò àwọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, sò nìyẹn. Bí àwọn sì ṣe máa ń pè é láti ẹ̀gbẹ́ ẹkù tí wọ́n ti ń ṣe epo pé "Ìyàndá o!", tí ohùn á fò sókè lójijì, là nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí wọ́n ti ń gún eyìn ni wọ́n ń kùn ún, tí ó ń dáhùn. Nígbà tí ìkórè fi máa dé, kò sí èyí tí Tíṣà kùn tí kò mọ̀. Tíṣà bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní Ọlọ́run ni.

Ní ìkórè 1924, Ọládipúpọ̀ ti di olùkọ́ àti olórí akọrin. Alábòójútó ìjọ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá wá dúró lójú fèrèsé, aṣọ funfun lára wọn, idẹ Ọ̀ṣun lọ́wọ́. Nínú orin kejì, àwọn akọrin débi tí ohùn ti ń fò lọ sí là, wọn ò bá a. Ẹnu wọn ò kò mọ́. Ìyá rọra kun là wọlé láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn sì gbà á mú. Lẹ́yìn ìsìn, alábòójútó bi Ọládipúpọ̀ pé ta ni ìyá yẹn. Ó ní, "Èmi ò mọ̀ wọ́n o. Olórìṣà kan tó ń kọjá lọ ni." Ìyá ò tíì kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbọ́.

Àwa ẹbí ì bá fo ibí yìí. Ta ló ń kọ irú èyí sínú ìwé ìsìnkú? Ọládipúpọ̀ ló kọ̀. Ó ní bí a bá yọ ọ́, kí a yọ orúkọ òun náà. Ojú ń tì í, ojú sì ń ti àwa náà, nítorí àwọn kan nínú wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, a sì panu mọ́.

Ìyá kò bá a jà. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tilẹ̀ bu ẹran kún un. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró lójú fèrèsé yẹn mọ́, wọn ò sì pè é ní Ìyàndá mọ́. Ọládipúpọ̀ ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ará ìta ṣe ń pè é. Ó lé lọ́dún mẹ́fà! Lọ́pọ̀ ìgbà ló wá láti bẹ̀ wọ́n. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, epo ló máa béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kẹfà ọdún 1931 yìí, Àpèkẹ́ ránṣẹ́ sí i pé ara Ìyá ò yá, kó máa bọ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó wọ yàrá ni Ìyá pè, "Ìyàndá o." Ohùn wọn ò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n là náà ni, kò lé, kò dín. Ó gbọ́ ọ. Ẹkún ò jẹ́ kí ó lè dáhùn, nígbà tó sì fi wọlé, Ìyá ti lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Àpèkẹ́ àti Ọládipúpọ̀, Ọdẹ́wálé àbúrò Ìyá, àti ọmọ-ọmọ mẹ́fà. Ọ̀ṣuntọ́lá tó kéré jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ ti ń kọ dò-rè-mí.

Tíṣà Adébísí àti àwọn akọrin wà láàrin yín lónìí. Kí a tó da iyẹ̀pẹ̀ sí ibojì, Ọládipúpọ̀ yóò dúró níwájú gbogbo yín, yóò sọ ẹni tó kọ́ ọ fún Tíṣà. Lẹ́yìn náà, yóò mú dò, yóò sì fò lọ sí là. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bá a gbè é. Òun nìkan ni wọ́n pè.

Ìyá Ọ̀ṣúnwùmí, ẹ sùn re o. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ foríjì í.