Àáyá Tó Ń Ṣẹ́jú Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Adúmáradán, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò dá ọ lágara? Ọlọ́run á máa ṣáájú rẹ jáde, á sì máa tẹ̀lé ọ wọlé. Gbogbo wa wà, àmọ́ àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí ojú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ.

O mọ̀ pé ó ní ojú ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n, orí ń fọ́ òun, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, àwọn oníbàárà tó ń bá tẹ̀wé sì ti ń kó ìwé wọn lọ síbòmíràn. O wá sọ lórí fóònù pé ìgbà ọgọ́ta ni àwòrán ojú ẹ̀rọ náà ń tún ara rẹ̀ yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé kó sún un sí márùndínlọ́gọ́rin, kó má kọjá ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Mo ní òótọ́ ni, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n àáyá wo? Mo yẹ abẹ́ tábìlì wò, mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, n kò rí ìrù kankan.

Bàbá rẹ oníwàǹwára lọ tẹ iye tó tóbi jù lọ. Ojú kọ̀ǹpútà bá ṣú dùdù! Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibi wáyà iná kí n tó dì í mú, mo ní o ti kìlọ̀ pé tó bá ṣú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé tó bá ti di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á padà fúnra rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun wá jókòó ti òkú ẹ̀rọ ni. Nígbà tí a ò ní àáyá nílé, èmi fúnra mi bá a ṣẹ́jú. Mo ń ṣẹ́ ẹ, mo ń kà á, òógùn bò mí, bí mo sì ṣe ṣẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló mọ́lẹ̀ yòò.

Ó wá tẹ iye tí o sọ. Ojú kọ̀ǹpútà dúró jẹ́ẹ́, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní ó ṣì ń gbọ̀n. Mo gbé ìwé tí oníbàárà fọwọ́ kọ sí i níwájú, ó ní ìyẹn náà ń gbọ̀n. Ó wá wò mí, ó ní ojú èmi náà ń gbọ̀n.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Jọ̀ọ́, fi owó dókítà ojú ránṣẹ́ kíákíá, kí o sì wá sílé kí bàbá rẹ lè rí ọ dáadáa. Ojú rẹ kò ní ríbi.

Èmi ni, ìyá rẹ.